Ọjọ́ Tí Àáró Kan Ọmọ Oníkọ̀ǹpútà

Ojú mi ló ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́yìn fèrèsé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, ojú mi méjèèjì tí kò tíì lo dígí rí ni mo fi rí i, ọwọ́ mi sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Ìlógbò bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í léèrè ibi tó wà lọ́jọ́ náà. Ẹ ó rí i pé kò ní lè dáhùn.

Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó sọ fún tíṣà pé ilẹ̀ ń pè mí. Síbẹ̀, láti Àrámọ̀kọ títí dé Ìpótì, kò sí àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀ pé bí mo bá la kòkó, ńṣe ló máa ń pín sí méjì bí ẹni pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ilé tí mò ń gbé, èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀kadà tí mò ń gùn, èmi ni mo ni ín. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó dé, tó rù bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó yẹ ló bọ́ sí.

Ọmọbìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó bí i ti kú, èmi ló ń pè ní Bàbá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Kì í ṣe ti àwọn tó ń bá ènìyàn tẹ ìwé o. Òun gan-an ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Lákòókò yẹn, ó ń kọ ètò kan tí àwọn ilé ìwòsàn yóò máa fi mọ oògùn tó kù nínú àpótí wọn. Ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde nílé, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé, yóò sì tún ṣí ẹ̀rọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Títí ó fi dákú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kan. Dókítà ní kó lọ sinmi. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tí kò burú, wá ní kó máa ti ilé ṣiṣẹ́. Bó bá parí ètò náà, tó sì fi hàn wọ́n láìsí ìdíwọ́, ó lè máa gbé ọ̀dọ̀ mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá lọ déédéé, kó padà sí Èkó, sórí àtẹ̀gùn yẹn.

Ọmọ náà kò fẹ́ padà. Èmi náà kò fẹ́ kó padà. Ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbé ní Ìbàdàn, ilé sì tóbi jù fún ẹnì kan, kódà kó jẹ́ ẹni bíi tèmi.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, mo ń ṣọ́ ọ. Kó tó fọ ẹnu, ó ti ṣí ẹ̀rọ. Gàárì ló ń mu láàárọ̀, ọwọ́ kan nínú abọ́, ọwọ́ kejì lórí ẹ̀rọ. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ké, á dákẹ́, á tún ké.

Mo ní, "Kí ni ìyẹn ń ké sí?"

"Bàbá, ó ń rán mi létí pé kí n dìde sinmi díẹ̀ ni. Àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tòmátì la máa ń pè é."

"Tòmátì tí à ń jẹ?"

"Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aago tó rí bíi tòmátì ló lò."

"O ò wá dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n parí èyí tó wà lọ́wọ́ mi ná."

"Tòmátì yẹn ti rà," mo wí, mo sì bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo pè é jókòó nílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dá ẹjọ́. Mo ní ilé yìí lófin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ kó tó kí àgbà, kó tó jẹ oúnjẹ tó gbóná. Bí oòrùn bá mú tí àgbẹ̀ wọ abẹ́ igi, kí òun náà wọ abẹ́ igi. Bí adìẹ bá wọlé, kí ẹ̀rọ náà wọlé.

Ó wò mí títí. "Bàbá, àwọn ọ̀gá mi kì í ṣe adìẹ."

"Mo mọ̀. Adìẹ gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìgbà wo lo rí adìẹ tó ń ṣe mítìn nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé nìyẹn, èmi ni mo sì fà á.

Ṣùgbọ́n òfin kò tó. Ó ń pa ẹ̀rọ dé lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí àwo ọbẹ̀. Ó ní bí òun bá dá iṣẹ́ dúró láàárín, bó bá di ọjọ́ kejì òun kì í mọ ibi tí orí òun wà mọ́, àfi kí òun máa wá a kiri. Mo mú un lọ sóko iṣu mi. Mo fi hàn án bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè: wàá kọ ọ́ dé òpin aporo kan, ìyẹn ìlà ebè kan, wàá nàró, wàá nu òógùn, wàá mu omi, kó o tó yíjú sí òmíràn. Kò sí ẹni tó ń nàró láàárín ebè. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wàá ṣá ọkọ́ mọ́ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la, wàá máa lọ ulé. Ọkọ́ á máa bá ẹ rántí.

Ó ní, "Aporo." Ó tún un sọ bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gé iṣẹ́ rẹ̀ ní aporo aporo. Kó tó pa ẹ̀rọ dé, á kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nípa ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun náà máa ń ṣe é. Mo ní ó dára, ṣé àwọn náà lóko ni.

Ó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì wàyí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Ìlógbò, ńṣe ló máa ń yọjú bí ìyàwó tuntun, kó o tó kí i ó ti wọlé padà. Ọmọ náà fi owó ara rẹ̀ ra abọ́ funfun kan tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti òfúrufú. Igi máńgòrò mi dí ojú ọ̀run níwájú ilé, ni a bá so ó mọ́ orí òpó kan ní ẹ̀yìnkùlé, létí igbó. Wáyà rẹ̀ gùn láti ibẹ̀ wọ yàrá. Ó ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Mo ní rárá, inú koríko ni kó gbà, ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tí kò bá rí. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Títí di òní olónìí, ewúrẹ́ kankan kò fẹnu kan wáyà yẹn.

Ara ọmọ náà wá ń yá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó ń sùn tí ó ń hanrun. Mo wá rí i pé ohun kan ló kù: àwọn ènìyàn. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ kò ní ẹsẹ̀, orí nìkan ni wọ́n ní nínú ẹ̀rọ. Ni mo bá mú un wọ àáró wa.

Ẹni tí kò bá mọ àáró, ohun tó jẹ́ nìyí: a ó kóra jọ ṣiṣẹ́ lóko rẹ lónìí, lọ́jọ́ mìíràn a ó kóra jọ ṣe tèmi, títí yóò fi kárí. Kò sí pé à ń sanwó. Oúnjẹ ni ẹni tó kàn máa ń sè. Nínú àáró tiwa, èmi wà níbẹ̀, èmi sì ni olórí, bí wọn kò tilẹ̀ dìbò. Alájì wà níbẹ̀, tó ń ta páànù ní Ìjerò, tó sì lóko kòkó. Bàbá Ìjọ wà níbẹ̀, tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Elépo náà wà níbẹ̀, opó tí ẹnu rẹ̀ mú ju àdá gbogbo wa lọ. Ìgbà kòkó ni. A ó jókòó yí òkìtì kòkó ká, a ó máa là á, a ó máa yọ ọmọ inú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà jókòó láàárín wa lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Elépo wò ó. "Ọmọ, kí ni uṣẹ́ rẹ gan-an? Wọ́n ní àpótí lo máa ń bá sọ̀rọ̀."

"Ìyá, mo máa ń kọ̀wé sí i ni, mà."

"Ó máa ń dá ọ lóhùn?"

"Bí mo bá ṣe àṣìṣe nìkan ni."

"Há! Ọkọ mi tó kú nìyẹn gẹ́lẹ́."

A rẹ́rìn-ín títí Bàbá Ìjọ fi gé èékánná ara rẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, omi ojú ń dà lójú rẹ̀. Lóòótọ́, ó la kòkó bí ẹni tó ń ṣí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Láàárọ̀ á bá wa la kòkó, á wẹ̀, á jẹun, á wá ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní orí òun kò tíì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kan ni Alájì gbójú sókè. "Ọmọ yìí ti ṣe tèmi, ó ti ṣe ti Bàbá Ìjọ. Ìgbà wo ni a ó ṣe tirẹ̀?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, n kò lóko."

Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́. Ṣé ẹni tó bá ṣe àáró fún ènìyàn tí kò gbà á padà, kò yàtọ̀ sí ìwọ̀fà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni yóò jẹ́ ìwọ̀fà. Mo nàró. Mo ní, "Ọmọ mi kì í jókòó lásán nínú àáró ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀ ń bọ̀! Ẹ kà á mọ́ ọn."

Wọ́n kà á mọ́ ọn. Ọjà ọrọọrún la fi ń ka àáró wa. Ọjọ́ kejì ọjà la máa ń ṣe é, ẹnì kan á gba ọjà yìí, ẹlòmíràn á gba èyí tó tẹ̀lé e. Ọmọ náà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀, Mọ́ńdè àti Túsìdeè ni wọ́n fi ń ka tiwọn. Ọjà kì í sì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀. Ó ń rìn ni. Kò sí ẹni tó rò ó pé ó ń rìn bọ̀ wá bá Túsìdeè.

Ní Túsìdeè tí à ń wí yìí, ọmọ náà jí, ó kí mi, ó jẹ ẹ̀wà gbígbóná, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì funfun, ó sì ró ìró àǹkárá sí ìsàlẹ̀.

"Ìdajì aṣọ ńkọ́?" mo bi í.

"Òkè nìkan ni wọ́n máa rí, Bàbá. Òní ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n."

Mo ní kó lọ, Ọlọ́run á ṣe é. Kò pẹ́ tó wọ yàrá tí mo gbọ́ ohùn níwájú ilé.

"Ẹ kú ulé o! Àáró dé!"

Alájì, Bàbá Ìjọ, Ìyá Elépo, gbogbo wọn pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ìyá Elépo tilẹ̀ ru uṣu wá, ó ní òun mọ̀ pé ọmọ Èkó kò ní mọ uyán gún.

Alájì ní, "Oko dà?"

Ọmọ náà yọrí lójú fèrèsé. Ó rí àdá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n padà wá lọ́la."

"Wọn kì í dá àáró padà."

"Bàbá, bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lónìí, Èkó ni mò ń padà sí o."

"Ta ló ní nǹkan kan máa bàjẹ́? Wọlé lọ, kó o ti fèrèsé. Èmi wà níbí."

Mo yíjú sí wọn. Mo ní oko ọmọ náà, inú yàrá ló wà, ṣùgbọ́n igbó tó yí oko ká, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Kí wọ́n bá a ṣán an. Gbogbo wọn gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà ni mo sọ. Ìyá Elépo wọ ilé ìdáná lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Àwa tó kù gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo nawọ́ sí òpó abọ́ náà, mo ní, "Ẹni tó bá fàdá kan òpó yìí, èmi àti ẹ̀ ni." Wọn kò kàn án. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo ènìyàn: kò sẹ́ni tó fàdá kan òpó.

Koríko ti ga. Mo bọ́ sí iwájú, nítorí pé ibi tí olórí máa ń wà nìyẹn. Àdá mi, mo ti pọ́n ọn títí ó fi ń dán bí omi. Mo gbé e, mo fi ṣán koríko lẹ́ẹ̀kan.

A gbọ́ igbe láti inú yàrá.

Wáyà ni. Mo gbé e sókè, mo wò ó. N kò ní purọ́, gígé náà mọ́ tónítóní. Bàbá Ìjọ ní òun kò rí ohun tí wọ́n gé báyẹn rí, mo sì mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́.

Ọmọ náà ti jáde sí gbangba pẹ̀lú ìró àti ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ náà wà ní àyà rẹ̀. Kò pariwo mọ́. Ó kàn ń wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn tán ni." Ohùn yẹn, ó burú ju ariwo lọ. Ìyá Elépo ti sá jáde láti ìdí iná, ó ń bèèrè pé ta ló kú.

Mo ju àdá sílẹ̀. "Gun ọ̀kadà!"

A kọrí sí Àrámọ̀kọ, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti dúró gidi. Ó ká ìró mọ́ra, ó há ẹ̀rọ sáàárín àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn mi.

"Bàbá, ẹ rọra! Kòtò!"

"Mo mọ kòtò yẹn kí wọ́n tó bí ẹ!"

A wọ kòtò náà. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi fò lọ, n kò dúró. Ó ń fi ọwọ́ kan dì mí mú, ó ń fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sókè láti wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí a ṣe wọ Àrámọ̀kọ, ó pariwo pé, "Ó ti dé! Ẹ dúró síbí!"

Abẹ́ àtíbàbà fọganáísà kan ni. Ó gbé ẹ̀rọ lé orí táyà ọkọ̀ ńlá méjì tí wọ́n gbé léra, ó jókòó lórí àgbá, ó so ó mọ́ fóònù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọganáísà ń ké bí màlúù tó fẹ́ bímọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa pa á."

"Táyà oníbàárà mi ńkọ́?"

"Táyà lè dúró. Ọmọ mi ń bá Èkó sọ̀rọ̀."

"Èmi náà ń wá oúnjẹ ọmọ, bàbá!"

"Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Rárá."

Ìyẹn dùn mí, ní Àrámọ̀kọ níbí! Ṣùgbọ́n ọmọ náà yíjú, ó fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ìró, ó wo bàtà mi tó ku ẹyọ kan, ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Òun náà wá dúró lẹ́yìn wa láti wòran.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àwọn orí wọ̀nyẹn wà nínú ẹ̀rọ, ọ̀gá obìnrin náà wà láàárín. Ọmọ náà tọrọ gáfárà, ó ní líìnì ló já. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi hàn wọ́n bí oògùn ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, kò kánjú, kò kálòlò. Ó parí apá kan, á mí, á bọ́ sí òmíràn. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Aporo ló ń kọ. Nígbà tó parí, àwọn orí náà pàtẹ́wọ́. Fọganáísà náà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá obìnrin náà ní, "Iṣẹ́ yìí dára gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí líìnì yín ná? Níbo lẹ wà yẹn?"

Ọmọ náà ní, "Ìṣòro kékeré kan ni, mà. A ti ń…"

N kò fẹ́ kó dá ru ẹrù náà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ojú mi síwájú ẹ̀rọ dáadáa kí wọ́n lè rí mi. "Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni bàbá rẹ̀. Kò sí ìṣòro kankan lára líìnì. Èmi ni mo fàdá gé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣán an."

Gbogbo orí náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tilẹ̀ bọ́ kúrò lójú fèrèsé tirẹ̀, kò padà títí. Ọ̀gá obìnrin náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ó kí mi dáadáa, ó ní òun rí i pé ara ọmọ ti yá, mo ṣeun. Lẹ́yìn tó nu ojú rẹ̀ tán, ó wá sọ ọ́. Ó ní àwọn ilé ìwòsàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí lo ètò náà láìpẹ́. Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí i, ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí àdá kò ti lè kàn án. Kó padà sí ọ́fíìsì bí oṣù tuntun bá ti wọlé.

Mo ní mo máa rì wáyà náà mọ́lẹ̀. Mo ní mo máa rì í jìn ju kàǹga lọ. Ó ní, "Mo gbà yín gbọ́, bàbá." Ṣùgbọ́n kò yí i padà.

A padà sílé. Ẹ̀yìnkùlé ti mọ́ bí pápá bọ́ọ̀lù. Ọbẹ̀ tí Ìyá Elépo fi sílẹ̀ lórí iná nígbà tó sá jáde ti di èédú, obìnrin náà ti gún iyán, epo pupa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Bàbá Ìjọ ní, "Ṣé wọ́n gbà á?"

Mo ní, "Wọ́n gba iṣẹ́. Wọ́n sì gba ọmọ pẹ̀lú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alájì fọ ọwọ́, ó ní kí ọmọ náà mọ̀ pé àáró rẹ̀ ti pé, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Bàbá, bí mo bá dé ọ̀hún, tí ilẹ̀ bá ń ṣú, n ó máa pè yín. Kí ẹ máa jágbe mọ́ mi títí n ó fi pa ẹ̀rọ náà dé."

Mo ní jíjágbe kọ́ ni ìṣòro mi.

Àwọn kan ní bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́ lábẹ́ àtíbàbà yẹn ni, bóyá ọmọ náà ì bá wà níbí. Mo ní ta ni yóò ti mọ̀ pé èmi ni bàbá rẹ̀?

Ohun tó lọ lọ́jọ́ náà kò ju èyí lọ. Wáyà kan. Bàtà ẹsẹ̀ òsì kan. Ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ọmọ kan nínú ilé tó ní yàrá mẹ́rin.